Àpérò Àgbáyé Lórí Sákíìtì Wá sí Lọ́ńdọ̀nù: Kí Ló Kan Àwa Ará Brockley Níbẹ̀?

Láti ọjọ́ 25 sí ọjọ́ 28 oṣù Karùn-ún ọdún 2025, àwọn ọ̀mọ̀wé láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè péjọ sí Lọ́ńdọ̀nù níbí fún àpérò àgbáyé tí wọ́n ń pè ní ISCAS. Sákíìtì ni wọ́n wá sọ̀rọ̀ lé lórí: bí wọ́n ṣe ń ṣe ìṣirò rẹ̀, bí wọ́n ṣe ń yà á, àti bí ó ṣe ń di chip tó wà nínú fóònù, nínú ọkọ̀ àti nínú ẹ̀rọ ilé ìwòsàn. IEEE, ẹgbẹ́ àwọn ẹnjiníà iná àti ẹ̀rọ káàkiri àgbáyé, ló ni àpérò náà. Ìgbà tó ti wá sí Lọ́ńdọ̀nù ṣáájú èyí ni ọdún 1994. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n gbáko ló wà láàrin méjèèjì.

Ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a ń gbé ní Brockley, Peckham, Deptford àti New Cross ni kò mọ̀ pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ń lọ. Ọjọ́ Àìkú ni wọ́n bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ kejì sì jẹ́ ọjọ́ ìsinmi ìjọba. Àwọn kan nínú wa wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn kan ń múra òde, àwọn kan sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ẹnu iṣẹ́ òru dé. Bọ́ọ̀sì 171 ń lọ, ó ń bọ̀. Ata rodo àti iṣu wà lórí àtẹ ní Rye Lane. A kò lè bá ẹnikẹ́ni wí. Ṣùgbọ́n a rò pé ọ̀rọ̀ náà kàn wá, ó sì kàn wá gan-an. Ẹ jẹ́ kí a sọ ìdí rẹ̀.

Kí ni sákíìtì?

Sákíìtì ni ọ̀nà tí iná ń gbà jáde láti orísun rẹ̀, tó gba inú àwọn ohun èlò kọjá, tó sì padà sí orísun yẹn. Bí ọ̀nà náà bá já níbì kan, iná kò ní rìn. Ìdí nìyí tí gílóòbù fi ń kú nígbà tí a bá pa síwíìṣì: síwíìṣì ti já ọ̀nà náà.

Ní ọdún 1845, ọ̀dọ́mọkùnrin ará Jámánì kan, Gustav Kirchhoff, ẹni ọdún 21 tó ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì, gbé òfin méjì kalẹ̀ tí àwọn ẹnjiníà ṣì ń lò títí di òní. Òfin kìíní ni pé iye iná tó bá wọ oríta kan ni iye tí yóò jáde níbẹ̀. Ẹ ro oríta tí Rye Lane ti pàdé Peckham High Street. Bí kò bá sí ẹni tó dúró síbẹ̀, iye èrò tó wọlé láti ọ̀nà gbogbo ni iye tí yóò jáde sí ọ̀nà gbogbo. Òfin kejì dà bí owó ọjà. Bí ìyá kan bá gbé ogún pọ́n-ùn jáde nílé, tó yípo gbogbo ọjà, tó sì padà sílé láìku kọ́bọ̀, àpapọ̀ ohun tó ná ní ìsọ̀ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ jẹ́ ogún pọ́n-ùn. Bẹ́ẹ̀ náà ni agbára tí bátìrì fi ti iná jáde ṣe gbọ́dọ̀ bá àpapọ̀ ohun tí àwọn ohun èlò ojú ọ̀nà gbà mu.

Òfin méjì yìí kò yí padà. Iye ohun tó wà nínú sákíìtì ló yí padà. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1947 ni wọ́n ṣe transistor àkọ́kọ́ ní ilé ìwádìí Bell Labs ní Amẹ́ríkà. Nígbà tó di ọdún 1958, Jack Kilby fi hàn pé èèyàn lè ṣe gbogbo ẹ̀yà sákíìtì pa pọ̀ sórí ègé kan ṣoṣo. Lónìí, ẹgbẹẹgbẹ̀rún mílíọ̀nù transistor ló wà lórí chip fóònù tí kò tó èékánná ọwọ́. Kò sí ẹni tó lè fi ọwọ́ ya ìyẹn tán láyé rẹ̀. Ìdí nìyí tí wọ́n fi nílò ìmọ̀ ìjìnlẹ̀, ìṣirò àti kọ̀ǹpútà, tí wọ́n sì fi nílò àpérò tí ẹni tó rí ọ̀nà tuntun yóò ti wá fi han àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀.

Báwo ni a ṣe lè ṣe chip tí kò ní tètè jẹ bátìrì tán? Báwo ni ẹ̀rọ kékeré ṣe lè gbọ́ lílù ọkàn èèyàn láàárín ariwo gbogbo? Báwo ni a ṣe ń sọ ohùn wa di nọ́ńbà kí ó lè gba inú fóònù kọjá? Kí ni a fẹ́ ṣe sí ooru tó ń jáde lára chip àwọn kọ̀ǹpútà ńlá tí wọ́n fi ń kọ́ ẹ̀rọ ní ọgbọ́n? Irú ìbéèrè tó ń kó wọn jọ nìyí.

Agbègbè wa kì í ṣe àjèjì sí iná

Àwọn kan lè sọ pé ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀mọ̀wé kò kan apá gúúsù Lọ́ńdọ̀nù. Ìtàn kò sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ wọ bọ́ọ̀sì 171 ní Brockley, ẹ jẹ́ kí ó gbé yín gba New Cross, Peckham àti Camberwell lọ sí Elephant and Castle. Àpótí irin ńlá kan tó ń dán wà níbẹ̀, èyí tí ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń kọjá láìbéèrè ohun tó jẹ́. Ìrántí Michael Faraday ni. Ọdún 1961 ni wọ́n kọ́ ọ, inú rẹ̀ sì ni ẹ̀rọ tó ń pín iná fún ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ wà.

Nítòsí ibẹ̀, ní Newington Butts, ni wọ́n ti bí Faraday ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1791. Alágbẹ̀dẹ ni bàbá rẹ̀, wọn kò sì lówó. Nígbà tó pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, wọ́n fi í sí ẹnu iṣẹ́ lọ́dọ̀ ẹni tó ń di ìwé, ọdún méje ló sì lò níbẹ̀. Ó ń ka àwọn ìwé tí wọ́n bá gbé wá fún dídì. Láti ibẹ̀ ló ti rí ọ̀nà wọ ilé ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì Royal Institution ní ọdún 1813, ní ipò amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́. Ní ọdún 1831, ó fi hàn pé mágínẹ́ẹ̀tì tó ń yí padà lè mú kí iná rìn nínú wáyà. Orí ìmọ̀ yẹn ni jẹnẹrétọ̀ dúró lé: ti ilé iṣẹ́ mànàmáná ńlá, àti kékeré tí a ń fà lókùn ní ẹ̀yìnkùlé nílé.

Deptford tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa náà ní ìtàn tirẹ̀. Ibẹ̀ ni Sebastian de Ferranti kọ́ ilé iṣẹ́ mànàmáná ńlá kan sí, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1889. Nígbà tó fi di ọdún 1891, ó ń fi iná fóltì 10,000 ránṣẹ́ sí àárín Lọ́ńdọ̀nù. Láyé ìgbà náà, ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé ibi tí èèyàn bá ti fẹ́ lo iná ló ti gbọ́dọ̀ ṣe é. Ferranti ní ó ṣeé ṣe láti ọ̀nà jíjìn. Títí di òní, ọgbà ìtura kan ní Deptford ń jẹ́ orúkọ rẹ̀.

Ní ọdún 1974, Lọ́ńdọ̀nù náà ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ àpérò àwọn ará Yúróòpù lórí ìmọ̀ àti ìgbékalẹ̀ sákíìtì, èyí tí wọ́n ń pè ní ECCTD. Láti ìgbà náà, ó ti lọ sí Genoa ní 1976, Brighton ní 1989, Istanbul ní 1995, Dresden ní 2013 àti Catania ní 2017. Ìlú wa yìí, ojúbọ sákíìtì ni. Àwa ni a kò mọ̀.

Bí ènìyàn ṣe ń dé ibẹ̀

Àpérò bẹ́ẹ̀ kì í ṣe òde tí ẹni tó bá gba káàdì kàn máa ń lọ jókòó. Ní oṣù mélòó kan ṣáájú, ẹni tó bá ní ìwádìí tuntun yóò kọ ọ́ sí ojú ìwé bíi mẹ́rin tàbí márùn-ún. Yóò ya àwòrán sákíìtì rẹ̀, yóò kọ ìṣirò rẹ̀, yóò sì fi nọ́ńbà hàn pé ohun tí òun sọ rí bẹ́ẹ̀. Àwọn ọ̀mọ̀wé mìíràn tó mọ iṣẹ́ náà yóò kà á, wọn yóò sì dáhùn. Wọ́n lè gbà á, wọ́n sì lè kọ̀ ọ́. Bí wọ́n bá gbà á, òǹkọ̀wé yóò san owó ìforúkọsílẹ̀, yóò sì wá ṣàlàyé fúnra rẹ̀, yálà lórí pèpéle tàbí níwájú bébà ńlá tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri, tí àwọn èèyàn yóò máa dúró síwájú rẹ̀ láti bi í ní ìbéèrè.

Ibi ògiri yẹn ni ọ̀rọ̀ gidi ti máa ń ṣẹlẹ̀. Ibẹ̀ ni akẹ́kọ̀ọ́ ti ń pàdé ọ̀jọ̀gbọ́n tó kọ ìwé tí ó ń kà. Ibẹ̀ ni ilé iṣẹ́ ti ń wo ẹni tí wọ́n lè gbà síṣẹ́. Ẹni tí kò bá sí níbẹ̀ lè ka ìwé tí wọ́n tẹ̀ jáde lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n ìwé kì í bọ èèyàn lọ́wọ́.

Àwọn tiwa ti jókòó níbẹ̀

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọmọ yín pé iṣẹ́ yìí kì í ṣe tiwa. Ọ̀jọ̀gbọ́n Oyèkúnlé Olúkòtún ti Yunifásítì Stanford, ọmọ Nàìjíríà tí wọ́n bí ní Bìrìtìkó níhìn-ín, wà lára àwọn tó yí ọ̀nà tí gbogbo ayé ń gbà ṣe chip padà. Ní ọdún 1996, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé bébà kan lọ sí àpérò àgbáyé. Ohun tí wọ́n sọ ni pé dípò kí a máa kọ́ ọpọlọ ńlá kan ṣoṣo sórí chip, ó sàn kí a kọ́ kéékèèké bíi mélòó kan tí yóò máa ṣiṣẹ́ pọ̀. Nígbà náà, ọ̀nà mìíràn ni àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ń tọ̀.

Ní ọdún 2000, ó wà lára àwọn tó dá ilé iṣẹ́ kan sílẹ̀ láti fi ìmọ̀ náà ṣe ohun tó ṣeé tà. Orúkọ ilé iṣẹ́ náà ni Afara Websystems. Ẹ kà á dáadáa: afárá ni, afárá tí a ń gbà kọjá odò. Ní àárín àwọn ilé iṣẹ́ California, ọ̀rọ̀ Yorùbá wà lára pátákó. Sun Microsystems ra ilé iṣẹ́ náà ní ọdún 2002. Chip tó ti ibẹ̀ wá jáde ní ọdún 2005, ọpọlọ mẹ́jọ sì ni èyí tó pé jù nínú rẹ̀ ní. Lónìí, ó ṣòro kí ẹ tó rí fóònù tí chip rẹ̀ ní ọpọlọ kan ṣoṣo. Ní ọdún 2023, wọ́n fún Olúkòtún ní ẹ̀bùn Eckert-Mauchly, èyí tó ga jù nínú iṣẹ́ ìgbékalẹ̀ kọ̀ǹpútà.

Òun nìkan kọ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ilésanmí Adéṣidà, tí wọ́n bí ní Ìfọ́n ní ìpínlẹ̀ Oǹdó ní ọdún 1949, gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Berkeley ní 1979. Ó padà sílé, ó ṣiṣẹ́ ní yunifásítì Abubakar Tafawa Balewa ní Bauchi, kí ó tó lọ sí Yunifásítì Illinois ní 1987, níbi tó ti di ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá àgbà ibẹ̀ lẹ́yìn náà. Àwọn transistor tín-ín-tín tó ń sáré gan-an ni iṣẹ́ rẹ̀ dá lé. Ọ̀jọ̀gbọ́n Akíntúndé Akínwándé ti MIT náà, Yunifásítì Ifẹ̀ ló ti gba oyè àkọ́kọ́ ní 1978 kí ó tó lọ sí Stanford.

Ilẹ̀kùn tó fún

Àmọ́ ẹ jẹ́ kí a sọ òtítọ́. Ilẹ̀kùn àpérò wọ̀nyí fún gan-an fún ẹni tó wà nílé. Ẹ wo ìṣirò yìí. Òfin ìlú yìí gbà kí ẹni tó fẹ́ wá sí àpérò gba físà àlejò lásán. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2025, £127 ni owó físà olóṣù mẹ́fà. Pọ́n-ùn kan ti ju ẹgbẹ̀rún méjì náírà lọ ní ọdún náà. Físà nìkan ti ju ₦250,000 lọ nìyẹn. Owó oṣù tó kéré jù tí òfin Nàìjíríà là kalẹ̀ ní 2024 sì jẹ́ ₦70,000. Èèyàn yóò ṣiṣẹ́ ju oṣù mẹ́ta ààbọ̀ lọ láìjẹ láìmu, kò sì tíì ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú, kò tíì san owó ìforúkọsílẹ̀, kò tíì rí ibi sùn. Bí wọ́n bá sì kọ̀ ọ́ ní físà, owó náà ti lọ nìyẹn.

Ohun tó dùn wá jù níbẹ̀ kì í ṣe owó. Àwọn tó ń pinnu iye iná tí ẹ̀rọ ọ̀la yóò máa jẹ ló jókòó sínú gbọ̀ngàn yẹn. Ta ló mọ ìyà iná ju àwa lọ? Ọmọ tó ka ìwé WAEC lábẹ́ àtùpà, ìyá tí ẹja rẹ̀ jẹrà nínú fíríìjì nítorí wọ́n mú iná lọ fún ọjọ́ mẹ́ta, nọ́ọ̀sì tó fi iná fóònù ríran lóru: àwọn wọ̀nyí mọ ohun tí ẹ̀rọ tí kì í jẹ iná púpọ̀ lè ṣe fún èèyàn. Ẹni tó bá dàgbà síbi tí iná kì í ti í lọ lè rò pé ọ̀rọ̀ bátìrì jẹ́ ọ̀rọ̀ ìgbádùn. Lójú tiwa, ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni. Bí irú àwọn tiwa kò bá sí níbi tí wọ́n ti ń yan ìbéèrè tí wọn yóò wádìí, ìbéèrè tiwa yóò máa wà ní ẹ̀yìn.

Nílẹ̀ wa náà, wọn kò káwọ́ lẹ́rán. IEEE ní àpérò ti Áfíríkà tí wọ́n ń pè ní AFRICON. Ó lọ sí Accra ní 2019, ó sì lọ sí Nairobi ní 2023. Ẹ̀ka Nàìjíríà náà ní NIGERCON, èyí tó wáyé ní Èkó ní 2022 àti ní Adó-Èkìtì ní 2024. Ní Ifẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n L. O. Kéhìndé àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bá MIT ṣiṣẹ́ pọ̀ lórí ètò iLab. Ètò náà jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, kí ó sì fi íntánẹ́ẹ̀tì ṣe àyẹ̀wò sákíìtì gidi tó wà níbòmíràn. Kì í ṣe àwòrán. Ohun èlò gidi ni, iná gidi ló ń rìn nínú rẹ̀. Níbi tí ohun èlò kò ti kárí, ìyẹn kì í ṣe nǹkan kékeré. Ìmọ̀ kò dín. Ọ̀nà ló há.

Kí ni àwa níbí lè ṣe?

Àwa tí a wà ní Brockley ti ré ìdènà físà kọjá. Ọmọ tí a bí síbí kò nílò ìwé ẹnikẹ́ni kó tó wọ ọkọ̀ ojú irin ní Brockley, kó sì sọ̀ kalẹ̀ ní London Bridge láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a ronú sí nǹkan mẹ́ta.

Èkíní, ẹ wo àwọn ọ̀dọ́ tó ń tún fóònù ṣe ní Rye Lane, bí àwọn ẹgbẹ́ wọn ní Computer Village ní Ìkẹjà. Wọ́n ń fi irin gbígbóná jó òjé, wọ́n ń fi mítà wá ibi tí iná ti já, wọ́n ń wo sákíìtì lábẹ́ awò. Òfin Kirchhoff ni wọ́n ń lò láti àárọ̀ dalẹ́, bí wọn kò tilẹ̀ mọ orúkọ ọkùnrin náà. Àwọn òbí kan máa ń tijú láti sọ pé iṣẹ́ tí ọmọ wọn ń ṣe nìyẹn. Ẹ rántí ẹni tó ń di ìwé. Ohun tó ṣẹ́kù fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni ìṣirò àti físíìsì, kọ́lẹ́ẹ̀jì sì wà ní Lewisham àti Southwark fún un.

Èkejì, ọ̀rọ̀ àwa òbí. A máa ń sọ fún ọmọ pé kó ṣe dókítà, kó ṣe lọ́yà, kó ṣe nọ́ọ̀sì. Iṣẹ́ rere ni gbogbo wọn. Àmọ́ bí ọmọ bá tú rédíò ìyá àgbà palẹ̀ láti wo inú rẹ̀, kí a tó pariwo mọ́ ọn, ẹ jẹ́ kí a bi í ní ohun tó rí. Kí a má jẹ́ kó fi ìṣirò sílẹ̀ ní ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún nítorí pé ó le. Faraday fúnra rẹ̀ ló dá ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Kérésìmesì fún àwọn ọ̀dọ́ sílẹ̀ ní Royal Institution ní ọdún 1825. Wọ́n ṣì ń ṣe é títí di òní, tẹlifíṣọ̀n sì máa ń gbé e. A lè bá àwọn ọmọ wa jókòó wò ó lẹ́yìn ìrẹsì Kérésì.

Ẹ̀kẹta, àwọn ẹgbẹ́ wa. Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wà, ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ jáde wà, ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí wà. A máa ń dáwó fún ìsìnkú, a máa ń dáwó fún ọjọ́ ìbí, a máa ń ra aṣọ ẹbí. Ṣé ẹgbẹ́ kan kò lè sọ pé lọ́dọọdún, àwa yóò san owó ìforúkọsílẹ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́ kan láti Ifẹ̀, Ìbàdàn tàbí Àkúrẹ́ tí wọ́n bá gba bébà rẹ̀ sí àpérò? Àwọn mìíràn lè fún un ní yàrá tí yóò sùn sí fún ọjọ́ márùn-ún. Yàrá kan ní Brockley àti abọ́ ẹ̀bà kan lálẹ́ lè gbé ìwádìí kan dé iwájú gbogbo ayé. Kò sí ọba tó gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kí ó tó ṣeé ṣe.

Kirchhoff ní ohun tó bá wọ oríta gbọ́dọ̀ jáde. Àwọn ọmọ wa ti ń jáde láti ilé fún ìgbà pípẹ́, wọ́n sì ti tan iná fún àwọn ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n sákíìtì kì í pé bí ọ̀nà àbọ̀ kò bá sí. Àwa tí a wà lókè òkun ni wáyà ọ̀nà àbọ̀ náà, ká má ṣe jẹ́ kó já.

Bí bọ́ọ̀sì 171 bá tún gbé yín kọjá Elephant and Castle, ẹ nawọ́ sí àpótí irin yẹn, kí ẹ sì sọ fún ọmọ tó jókòó tì yín pé ọmọ alágbẹ̀dẹ kan láti àdúgbò yìí ni. Ẹ sọ fún un pẹ̀lú pé afárá kan wà ní California tí wọ́n fi èdè wa sọ lórúkọ. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí iná ilé wa má ṣe kú o.